Ìfiyèsí nínú Kíkọ́ Èdè Àkọ́kúntẹni: Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìtàn Abẹ́òkúta, 1843 sí 1867

Ìfáárà

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin àwa olùkọ́ èdè. Bí ènìyàn bá ṣáà ń gbé láàrin àwọn tí ń sọ èdè kan, tí ó ń gbọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ǹjẹ́ èdè náà yóò wọ̀ ọ́ lára fúnra rẹ̀ bí? Àbí ó di dandan kí ó mọ̀ọ́mọ̀ fiyè sí bí èdè náà ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó lè gbọ́ ọ ní àgbọ́yé? Àwọn tí ó wà ní apá kìn-ín-ní a máa tọ́ka sí ọmọ kékeré tí kò tí ì dé ilé-ìwé, tí ó sì ń sọ èdè ìyá rẹ̀ gaara. Àwọn tí ó wà ní apá kejì a máa tọ́ka sí òfin gírámà tí wọ́n kọ́ àwọn náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ilé-ìwé. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n ó gbìyànjú láti fi hàn pé ìdajì òtítọ́ ni apá kọ̀ọ̀kan mú dání. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá fiyè sí nínú èdè àkọ́kúntẹni, kò lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìfiyèsí àti àkọ́sórí òfin kì í ṣe ohun kan náà.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Èdè àkọ́kúntẹni ni èdè tí ènìyàn kọ́ lẹ́yìn tí ó ti ní èdè abínibí tirẹ̀. Ìfiyèsí ni kí etí tàbí ojú akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé nǹkan kan nínú èdè náà, kí ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun gbọ́ ọ tàbí pé òun rí i. Ìtàn Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, nítorí pé ìlú yìí wà lára àwọn ibi tí àlejò ti kọ́kọ́ jókòó kọ́ èdè Yorùbá, tí àwọn ọmọ wa náà sì ti kọ́kọ́ jókòó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìtàn fún ìtàn nìkan ni mo ń sọ. Bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀, a ó rí i pé ibi tí àwọn àlejò wọ̀nyẹn dúró sí nígbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tiwa dúró sí lónìí.

Ìlú tí èdè méjì ti pàdé

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò ní àwọn ìlú wọn àtijọ́ tẹ Abẹ́òkúta dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti ń gbé ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé. Wọ́n gba Èkó àti Àgbádárìgì wọlé, ọ̀pọ̀ wọn sì padà bá ìbátan wọn ní Abẹ́òkúta. Àwọn ni ó fà á tí àwọn míṣọ́nnárì fi tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ọ̀dọ̀ Ṣódẹkẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843, Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. náà dé. Ṣódẹkẹ́ kú ní ọdún 1845, ogun sì dí ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àárín ọdún 1846 kí Townsend àti Samuel Ajayi Crowther tó lè wá fìdí kalẹ̀ ní ìlú náà. Townsend wà ní Aké. Crowther wà ní Ìgbẹ̀in.

Ẹ wo irú akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó péjọ sí ìlú kan ṣoṣo. Òyìnbó wà níbẹ̀ tí kò ní Yorùbá kankan lẹ́nu rí. Ọmọ Sàró wà níbẹ̀ tí ó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kàwé. Ọmọ Ẹ̀gbá wà níbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ilé-ìwé, tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́. Crowther fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí fún, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́kúntẹni fún, tí a sì gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí ó sọ èdè abínibí rẹ̀ di ohun tí àlejò lè kọ́. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Onílé tí ó di àlejò nínú èdè rẹ̀

Ọmọ Òṣogùn ni Crowther. Ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú. Ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́ nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti gbọ́ Yorùbá yó ni. Ó ròyìn pé kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí òun gúnlẹ̀ tí òun fi lè ka Májẹ̀mú Titun lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣàkíyèsí nibẹ̀ ni pé nínú ìwé ni ó ti bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé, kì í ṣe ní ìgboro nìkan. Lẹ́tà dé iwájú rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó sì ní láti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní ọdún 1841 ó bá wọn lọ sí ìrìn-àjò odò Ọya. Ní ọdún 1843 a fi í joyè àlùfáà, ọdún náà sì ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó wàásù lédè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn kò mọ bí èdè ti rí. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ìbí òun ni, tí òun sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Kí ni ó fa èyí? Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé Yorùbá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ náà ó ní láti wo èdè tí kò wò rí. Ẹni tí ń sọ èdè abínibí rẹ̀ dà bí ẹni tí ń rìn: kì í ka ìgbésẹ̀. Bí a bá ní kí ó máa ka ìgbésẹ̀, yóò kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́ gbè é lẹ́sẹ̀:

Ó kọ́ ọ.
Ó kọ ọ́.
Ó kọ̀ ọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ́ nǹkan. Ẹni kejì kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni kẹta kò gba nǹkan. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá ọlọ́dún márùn-ún tí yóò ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tí ó fara sin níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í dúró lójú kan. Bí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ òkè, ohùn tirẹ̀ á di àárín. Bí ti ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ àárín tàbí ìsàlẹ̀, tirẹ̀ á lọ sókè. Bákan náà ni a ń sọ pé "ó rí mi" ṣùgbọ́n "ó lù mí". "Ó rí wa" ṣùgbọ́n "ó lù wá". Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kì í ṣi èyí sọ láéláé. Síbẹ̀, ẹ béèrè òfin rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá tí ó ní oyè ìwé. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé òfin kankan wà níbẹ̀. Onílé mọ̀ ọ́n láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àlejò kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní mọ̀ ọ́n àfi bí nǹkan kan bá dá etí rẹ̀ dúró níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí Crowther ṣe láàrin 1843 àti 1852 ni láti fi etí àlejò gbọ́ èdè ara rẹ̀. Ní ọdún 1852 ó tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ jáde, ó ti kún sí i, gírámà sì ti wà nínú rẹ̀. Biṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró ni ó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sí i. Ó lo àmì ohùn níbẹ̀, ó sì fi òwe púpọ̀ ṣe àpẹẹrẹ bí a ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ti ń lo ohùn mẹ́ta yìí ṣáájú rẹ̀ fún ọdún tí a kò lè kà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn àti Crowther ni pé òun gbọ́ pé òun ń lò ó.

Àlejò tí ó tẹ́tí sí ohùn

Ẹnìkejì tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó wá láti Amẹ́ríkà. Ìgbòho ni ó ń lọ nígbà tí ó dé ní ọdún 1850, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí ọ̀nà là. Abẹ́òkúta ni ó dúró sí fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì wá kọlu ìlú ní oṣù kẹta ọdún 1851. Ìdúró tí kò ti inú rẹ̀ wá yìí ni ó sọ di àsìkò ẹ̀kọ́ èdè. Lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1856. Ní ọdún 1858, ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá tí ó kọ jáde.

Bowen kò ní èdè olóhùn kankan láti ilé. Bí ènìyàn bá gbé ohùn sókè lédè Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ó ń bínú ni, bóyá ó ń béèrè nǹkan ni. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ní yí padà. Nítorí náà, etí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ láti máa da ohùn nù bí ẹni da omi ìṣanwọ́ nù. Bí irú etí bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ "ó kọ́ ọ" àti "ó kọ̀ ọ́", nǹkan kan náà ni yóò gbọ́, ì báà gbọ́ ọ nígbà ẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀, Bowen ya ohùn sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́. Ó ti rí iṣẹ́ Crowther tí ó ṣáájú tirẹ̀, kò sì fi èyí pa mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Ẹni tí ó ti fiyè sí nǹkan lè nàka sí i fún ẹlòmíràn, kí etí onítọ̀hún lè ṣí. Ìfiyèsí ṣe é fi lé ni lọ́wọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè kò ju èyí lọ.

Ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìfiyèsí

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ìdúró; bí a ti ń sọ ọ́ ni ó ń lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ mú èdè dúró kí a lè wò ó ni àkọsílẹ̀. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí bí a ó ti kọ Yorùbá sílẹ̀ fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1848, Henry Venn ti C.M.S. gbé ìlànà kan jáde fún kíkọ àwọn èdè tí a kò tí ì kọ sílẹ̀ rí. Ní àárín ọdún 1850 sí 1860, Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, gbé ìlànà tirẹ̀ kalẹ̀. Láti inú ìjíròrò wọ̀nyí ni àmì tí a ń fi sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti fìdí múlẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lábẹ́ àkóso Crowther, tí ó ti di biṣọ́ọ̀bù, láti fi ẹnu ọ̀rọ̀ àkọtọ́ jóná.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kékeré wo àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà yẹn. Òyìnbó tí ó rí o àti ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé ni yóò bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni ó yà wọ́n?" Bí ó bá ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàtọ̀ náà kiri. Ojú ni ó kọ́kọ́ rí i kí etí tó gbọ́ ọ.

Ní Abẹ́òkúta, Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1859 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ó sọ pé ohun tí òun ń lé ni pé kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìròyìn. Láti ọdún 1860, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà wọ inú ìwé náà. Báyìí ni ọmọ ilé-ìwé Ẹ̀gbá ṣe rí èdè méjèèjì tí a tẹ̀ ní ìlú rẹ̀, tí ó lè gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde ní ìlú, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, Ìwé Ìròyìn sì dópin. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti fiyè sí kò ṣe é lé jáde. Àwọn Sàró àti àwọn ọmọ ilé tí ó ti mọ ìwé ni ó gba iṣẹ́ ìkọ́ni ṣe lẹ́yìn wọn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa sọ

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ èdè wá ń jà lé lórí ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn Ìfọ́lé. Stephen Krashen ti Amẹ́ríkà, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1982, ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Ó ní gbígba èdè sára láìmọ̀ yàtọ̀ sí kíkọ́ èdè ní àmọ̀ọ́mọ̀. Lójú tirẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ni ó ń mú kí ènìyàn sọ̀rọ̀ geere. Ìmọ̀ òfin kò wúlò ju kí a fi yẹ ohun tí a fẹ́ sọ wò lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń gbọ́ èdè tí ó yé e púpọ̀ tó, ó parí.

Richard Schmidt kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti tọ ayàwòrán ará Japan kan tí ó ń gbé ní Hawaii lẹ́yìn fún ọdún mẹ́ta, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1983. Ọkùnrin yìí ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ fàlàlà lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gírámà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò ní ojú kan. Lẹ́yìn náà Schmidt fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Nígbà tí ó ń kọ́ èdè Potogí ní Brazil fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó ń kọ ohun tí ó bá pàdé sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Òun àti Sylvia Frota, tí Potogí jẹ́ èdè abínibí fún, fi àkọsílẹ̀ náà wé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tí wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ. Wọ́n rí i pé àwọn nǹkan kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ sí i léraléra, tí kò sì lò ó títí di ìgbà tí ó fiyè sí i. Ọdún 1986 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ní ọdún 1990, ó wá ya ìpele mẹ́ta sọ́tọ̀: kí nǹkan kàn wọ etí, kí a fiyè sí i, àti kí òfin rẹ̀ yé wa. Ìpele kejì ni ó kà sí kòṣeémánìí. Ìpele kẹta ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni.

Ìpínyà yìí ni mo rò pé ó lè parí ìjà àwa olùkọ́. Ẹ wo àlejò oníṣòwò tí ó ti ń ná ọjà ní Ìtòkú láti ogún ọdún. Kò sẹ́ni tí ó kọ́ ọ ní gírámà, síbẹ̀ kì í ṣi orúkọ owó àti aṣọ pè, nítorí pé lọ́jọ́ tí ó bá ṣì í pè, yóò pàdánù, tàbí kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ọjà ni ó fi dandan mú un fiyè sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá ná an ní kọ́bọ̀, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ogún ọdún kò tó láti kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìgboro ń kọ́ni lédè kò parọ́. Ibi tí ìgboro bá na etí ẹni sí nìkan ni ó ti ń kọ́ni.

Kíláàsì wa lónìí

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogún ọdún nídìí kíkọ́ni ní Yorùbá ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iye àwọn tí Yorùbá jẹ́ èdè àkọ́kúntẹni fún nínú kíláàsì mi kò pọ̀, ọmọ àlejò sì ni wọ́n. Nísinsìnyí, ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ni ọ̀pọ̀ wọn. Orúkọ wọn jẹ́ ti Ẹ̀gbá, ìyá àti bàbá wọn ń bá ara wọn sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ọmọ sọ. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá lójoojúmọ́ bí ẹni tí ń gbọ́ òjò lórí páànù. Ibi tí Townsend dúró sí ní ọdún 1846 ni ọmọ yìí dúró sí, ìyàtọ̀ tí ó kàn wà ni pé Townsend mọ̀ pé òun kò gbọ́ èdè náà, ó sì jókòó kọ́ ọ. Ọmọ tiwa rò pé òun gbọ́ ọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi yíǹkì pupa fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn, tí mo ń dá ìwé padà, tí àṣìṣe kan náà sì ń padà wá bá mi ní sáà kejì. Mo dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo ń bi wọ́n léèrè ohun tí n kò tí ì jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ kan, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta òkè yẹn sí ojú pátákó, mo sì mú gángan wọ kíláàsì. N kò sọ òfin kankan. Mo lu ọ̀kan, mo ní kí wọ́n nàka sí èyí tí mo lù. Àwọn tí ń sọ Yorùbá nílé, tí kì í lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí ìwé tẹ́lẹ̀, kò ṣì í ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìmọ̀ náà ti wà nínú wọn. Ìlù ni ó fà á jáde. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé wọn ń nàka sí ibi tí ó bá wù wọ́n. A ṣe é lọ́jọ́ kejì, a ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wọn dìde kí n tó mú ìlù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu màmá mi lánàá. Wọ́n ń bá àǹtí mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó kọ̀ ọ́. Kì í ṣe ó kọ́ ọ."

Ọmọ yìí ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀ nìkan mọ́. Ìyá rẹ̀, àwọn èrò inú ọkọ̀, àti gbogbo Abẹ́òkúta ti di olùkọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo tó kọ òfin sí ojú pátákó, ó sì ní ibi tí ó máa jókòó sí.

Bí ó ti rí fún Yorùbá ni ó rí fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ń sọ pé "he" nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. "Ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ọkùnrin àti obìnrin, etí rẹ̀ kò sì tí ì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ya méjì sọ́tọ̀. Bí a bá gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a sì fi ìyàtọ̀ náà hàn án, yóò fiyè sí i. Mo rò pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, yọrí sí rere. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, olùkọ́ ọ̀tọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ náà sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ atẹ́gùn tí wọ́n ń mí símú mọ́. Ó di ohun tí a gbé kalẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n lè wò ó.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn olùkọ́ àti olùdánwò

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a rò papọ̀.

Èkíní, kí ìgbọ́ ṣáájú àmì. Kí a má ṣe béèrè àmì ohùn lọ́wọ́ ọmọ tí etí rẹ̀ kò tí ì ya ohùn sọ́tọ̀. Ìlù, ìsúfèé àti ìpè orúkọ tó fún iṣẹ́ yìí, kò sì ná wa lówó.

Èkejì, kí a dín iye ohun tí a fẹ́ kí ọmọ fiyè sí lẹ́ẹ̀kan náà kù. Ẹni tí a ní kí ó fi àmì sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àròkọ olójú ewé méjì kò ní fiyè sí ọ̀kankan. Gbólóhùn mẹ́ta tí ó yàtọ̀ ní ohùn nìkan dára jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a ya àkókò ìfiyèsí sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ tí a ń dá dúró ní gbogbo ìgbà tí ó bá la ẹnu yóò di odi. Crowther fúnra rẹ̀ kọsẹ̀ lórí àga ìwàásù nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ tí ó sì tún ń wo ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá ti fi ohun tí a fẹ́ hàn án, kí a jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ títí yóò fi tún di ìrìn tí a kì í ka ìgbésẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn olùdánwò. Àkọtọ́ tí Ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti tán ìjà púpọ̀, ó sì tọ́ kí a máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó ní kí ọmọ sọ iye ohùn tí Yorùbá ní ń yẹ àkọ́sórí wò. Ìbéèrè tí ó fún un ní "ó kọ ọ́" àti "ó kọ̀ ọ́", tí ó ní kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń yẹ etí rẹ̀ wò. Fún àwọn tí Yorùbá jẹ́ èdè àkọ́kúntẹni fún, ó yẹ kí ìdánwò ìgbọ́ wà, kí máàkì rẹ̀ sì nípọn. Ohun tí olùdánwò bá béèrè ni olùkọ́ yóò kọ́. Ohun tí olùkọ́ bá kọ́ ni ọmọ yóò fiyè sí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Crowther, ẹni tí a bí sínú èdè, ní láti di àlejò nínú rẹ̀ kí ó tó lè kọ́ ẹlòmíràn; pé Bowen, ẹni tí ó jẹ́ àlejò, dé ibi ohùn nítorí pé ó dá etí dúró, ó sì rí ẹni tí ó nàka sí i; àti pé ìwé ni ó mú èdè dúró kí a lè wò ó. Àwọn Yorùbá ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Etí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbígbọ́ lásán ti tó, kò yẹ kí ọmọ kan ní Abẹ́òkúta jẹ́ aláìgbédè baba rẹ̀ lónìí, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí kò gbọ́ ọ. Ọmọ wọ̀nyí ṣì wà nínú ilé, èdè náà ṣì ń kọjá ní etí wọn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn bí a ti ń dúró gbọ́ ọ.